Àbúrò mi tí wọ́n dá lóró látìmọ́lé: ibo la lè gbé e lọ n'Ìbàdàn?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ló ń ṣe. Lọ́dún tó ṣáájú ìwọ́de EndSARS, àwọn agbófinró kan mú un lójú pópó nítorí pé wọ́n bá kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Kọ̀ǹpútà oníbàárà ni. N kò ní dárúkọ ẹ̀ka tí wọ́n wà. Wọ́n de apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n fi kọ́ òkè, ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní tabay. Wọ́n tún ń fi igi nà án látẹ́lẹsẹ̀ kó lè fọwọ́ síwèé pé olè ni òun. Kò fọwọ́ sí i. A san owó béèlì nínú ilé tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọn ò gbé e dé kọ́ọ̀tù rárá.

Látìgbà náà, oorun ti dọ̀wọ́n lójú rẹ̀. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀ lójijì, á fò dìde. Kì í gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti mú un mọ́. Bó bá fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀, á yí po kó tó débẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń kú, irin tó fi ń tú fóònù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bínú sí ìyàwó lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ń ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. Ìyá wa ní àwọn ayé ló ń bá a jà, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí mo mọ̀ pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn níbẹ̀. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ibo la lè gbé e lọ? Kí ni wọ́n máa ṣe fún un gan-an? Ẹni tó bá mọ̀ ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Akin Ọjà'ba

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ma. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin ni, ó sì ti pẹ́. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹ sọ fún un kó ṣe ọkàn akin, kó gbájú mọ́ iṣẹ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dí kì í ráyè ronú.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Akin, òwe yẹn ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Èyí tó rí òkun yìí, ṣe ni wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀ tí wọ́n rì í sínú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, omi inú ife lè lé e sá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí o sì ní kó gbájú mọ́, ọwọ́ náà ni kò gbé e.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́ọ̀dù àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àìsùn, fífò sókè, yíyí ọ̀nà po, ìbínú òjijì, àìsàn kan ṣoṣo ni, PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Ara rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ewu tó ti kọjá. Kì í ṣe àìlákíkanjú, kì í sì í ṣe ayé. Ó ní ìtọ́jú.

Ohun méjì ni mo fẹ́ bi yín ná. Ṣé ó máa ń sọ pé ó sàn kí òun kú? Ẹ bi í ní tààràtà, kó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ara tilẹ̀ ń tu ẹlòmíràn pé ẹnì kan bi òun. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó oògùn ọwọ́ rẹ̀ pamọ́.

Ìkejì, kí ni orúkọ oògùn oorun náà?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Lexotan ni, ma. Mo ti bi í báyìí. Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kú, ó kàn ti rẹ òun. Ó wá ní ta ló ní kí n wá bi òun, mo ní nọ́ọ̀sì kan ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi í. Ẹ má sọ pé kó ju Lexotan náà nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, bó bá já a gbà lójijì, gìrì lè gbé e. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Láti 2013 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n má máa fi ìdílé oògùn yẹn, àti diazepam, tọ́jú ìpayà tó tẹ̀ lé irú nǹkan báyìí. Ó ń kun ènìyàn lóorun, ọgbẹ́ ọkàn ṣì wà níbẹ̀ bó bá jí, lílò rẹ̀ á sì di bárakú. Inú mi ò dùn sí bí àwọn kẹ́míìsì wa ṣe ń tà á bí ẹní ta súìtì.

Nípa ibi tẹ́ ẹ máa gbà: UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà l'Óríta Mẹ́fà, ni kẹ́ ẹ lọ. Bó bá ń tijú àtilọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, kó kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń rí aláìsàn gbogbo, kó sọ ti apá àti ti oorun. Wọ́n á kọ̀wé ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i láàárín èrò tó máa mọ ohun tó bá wá.

Físíò Agodi

Kí n bá Nọ́ọ̀sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ oorun fi ti apá ṣeré. Bí wọ́n bá de apá ènìyàn sẹ́yìn tí wọ́n fi kọ́, èjìká ni gbogbo ìwúwo ara máa dà lé. Àwọn iṣan kan ń bẹ tó ti ọrùn gba abẹ́ egungun èjìká lọ sí apá, àwọn ló ń mú kí ìka mọ nǹkan lára kó sì lágbára. Wọ́n lè nà ju bó ṣe yẹ, wọ́n sì lè já. Ohun tó ń mú kí irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. N kò ní ṣèlérí pé yóò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń bá a na apá, tí a ń fún un níṣẹ́ ṣe fún èjìká, ìrora máa ń dín kù, okun sì lè padà díẹ̀. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń kọ́? Ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ ló ń gba ìwúwo ara mọ́ra, igi lè fọ́ ọ. Ẹ bi í bóyá ìrìn ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ, wọ́n á ní ọgbẹ́ ti jinná.

Ohun kan tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo ti rí ọkùnrin tó bú sẹ́kún nítorí pé a ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà láti yẹ ọkàn wò lè dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n ti fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì jẹ níyà rí. Kí wọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí wọ́n fún un ní àga tó ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn sẹ̀kúríìtì tó wọ aṣọ iṣẹ́ sì wà lẹ́nu géètì gbogbo ilé ìwòsàn, ẹ ti sọ fún un látilé kó má baà jẹ́ pé ẹnu géètì ló ti máa yí padà.

Wòlíì Kékeré

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe gbogbo ilé àdúrà ló ń de ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, okùn ò sí, pàṣán ò sí. Àwọn tó ń wá bá wa kò rówó ilé ìwòsàn, àwọn tó sì rówó dé ọ̀hún ní dókítà ò gbọ́rọ̀ àwọn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa ń jókòó tì wọ́n di òru. Èyí náà, ìtọ́jú ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Òótọ́ ni ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, Wòlíì, ó sì ń dùn wá. Ìwádìí kan wà tí àwọn onímọ̀ UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe n'Ìbàdàn níbí àti ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, ìwé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Wọ́n mú òṣìṣẹ́ ìlera lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àtàwọn onílé àdúrà níbùdó wọn, wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú yá ju ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ onílé àdúrà nìkan. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni o, kì í ṣe ti àbúrò yìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kò pọn dandan ká máa bára wa jà.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni èmi ò fẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2019, ènìyàn 259 ni ọlọ́pàá kó jáde nínú ilé kan ní Òjòó níbí, wọ́n ní ibi àtúnṣe ìwà ni. Ẹni tí wọ́n ti dè sẹ́yìn rí látìmọ́lé, kí ẹbí rẹ̀ tún wá fà á lé ẹni tó máa dè é? Ìdálóró kejì nìyẹn, láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Mama bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì, kí àdúrà wọn sì máa lọ nílé.

Bàbá Fẹ̀yìntì Bódìjà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé oníṣègùn ọpọlọ, Àró ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, ìtìjú á sì bò ó. Bẹ́ẹ̀ ó yẹ ká fi ohun tí wọ́n ṣe ní Àró yangàn ni. Ní 1954, Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, kò kó àwọn aláìsàn sẹ́yìn ògiri. Ó ní kí wọ́n máa gbé lábúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ará ilé wọn kan bá wọn wá, kó máa se oúnjẹ fún wọn. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá gba ìtọ́jú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sáàárín èrò. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìgbà náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní UI, ó di olórí yunifásítì náà ní 1968, kí WHO tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ má gbé ọmọ yẹn jù síbì kan kẹ́ ẹ wá máa lọ. Kí ẹnì kan máa bá a lọ, kó máa bá a bọ̀.

Àwa Ìbàdàn náà sì ti mọ irú nǹkan yìí tipẹ́. Ọmọdé ni mí nígbà Wẹtiẹ, nígbà tí wọ́n ń da bẹntiróò lu ilé àti ènìyàn. Bàbá mi àgbà ò gbà kí epo kankan wọlé wa mọ́ títí wọ́n fi lọ. Bí òórùn rẹ̀ bá fẹ́ wá láti ilé ẹlòmíràn, wọ́n á jáde síta lóru. Ìwà wọn la pè é.

Lọ́yà Ìyágankú

Ìyá Ìbejì, òfin tó lòdì sí ìdálóró ti wà ní Nàìjíríà láti ìparí 2017. Ẹni tó bá dá ènìyàn lóró lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 25. Òfin yẹn náà ló fún ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ pé kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ ara àti ọkàn rẹ̀ wò, kí wọ́n tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ sí tẹ́ṣàn èyíkéyìí kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní ó ti pẹ́ jù: ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 sọ pé kò sí òfin gbèdéke ọdún tó lè dí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń pa ẹjọ́ ni àìsí ẹ̀rí. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Istanbul Protocol, láti 1999, òun ló ń tọ́ dókítà sọ́nà bó ṣe máa kọ àpá ara àti ti ọkàn sílẹ̀ lọ́nà tí kọ́ọ̀tù á gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní kíá. Ẹ jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ká gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Lọ́yà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ "lọ́sẹ̀ yìí". Ẹni tí kò tíì sun oorun wákàtí mẹ́ta pọ̀, ẹ fẹ́ kó wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ níwájú àjèjì? Kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀.

Lọ́yà Ìyágankú

Mo gbọ́, ma. Ṣùgbọ́n àpá ń parẹ́, ẹlẹ́rìí sì ń kó kúrò ládùúgbò. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kí ẹnì kan gbà pé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn burú ni oògùn wọn. Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín: kí wọ́n ya àwòrán àpá rẹ̀ báyìí, kí dókítà apá kọ tirẹ̀. Ìtàn náà, òun ló máa mú ọjọ́, kó sì jẹ́ pé ẹnì kan ló máa gbọ́ ọ tó máa kọ ọ́ dáadáa, kó má baà máa tún un sọ káàkiri.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Aláìlórúkọ Ọ̀nà Èkó

Àwọn ajínigbé gbé èmi náà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe mí lóore ni pé dókítà tí mo rí kò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oorun ló bi mí, oúnjẹ, ẹni tí mò ń bá gbé. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n máa dárúkọ ohun tí ojú mi ń rí bí ọkàn mi bá ti fẹ́ padà sínú igbó. Ó fún mi ní oògùn sertraline, inú ló kọ́kọ́ fi ń run mí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ pa mí ni àwọn tó wá kí mi kú ewu. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, mo sọ ọ́ fún ìyá ìjọ, mo sọ ọ́ fún onílé. Wọ́n tún gbé mi síwájú ìjọ kí n jẹ́rìí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é o. Ẹ gba àbúrò yín lọ́wọ́ irú rẹ̀.

Wòlíì Kékeré

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí wọ̀ mí lára. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e gan-an ni a máa ń pè wọ́n jáde.

Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde UI

Ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ni mo kà. Ohun tí Aláìlórúkọ sọ bá ohun tí a kọ́ mu. Sísọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àlejò, kété tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ìwádìí fi hàn pé kì í dènà àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n sísọ ọ́ létòlétò pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́, ìyẹn ń wo ọ̀pọ̀ sàn. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní NET, àwọn onímọ̀ Konstanz ní Jámánì ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n á na okùn kan sílẹ̀, okùn náà ni ìgbésí ayé ẹni náà láti ọjọ́ ìbí. Yóò fi òdòdó sí ibi tí ayé ti dùn, yóò fi òkúta sí ibi tí ó ti korò. Wọ́n á wá máa gba ojú okùn náà lọ, òkúta kan lọ́jọ́ kan, títí ìtàn á fi ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ní Uganda, nínú ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àwọn olùwá-ibi-ìsádi fúnra wọn ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, wọn kì í ṣe dókítà, ó sì ṣiṣẹ́. Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí a kò lè ṣe irú rẹ̀ ní Ìbàràpá.

Ọmọ Ìgàǹgàn

Ṣé ẹ rí i, Ìbàràpá tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ló mú mi kọ̀wé. Oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ya wọ ìlú wa lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ààfin. Ìrẹsì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dé. Àwọn ìjọba wá, wọ́n ya fọ́tò. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wá bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ìdí tó fi ń tọ̀ sílé bí ọ̀kadà bá kọjá lóru. Ọmọ náà ti ń dàgbà o. Àpáta ni mò ń gbé báyìí. Kí n mú un wá sọ́dọ̀ mi ni àbí kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀?

Ọmọ Ṣáṣá

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣáṣá ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni àwọn òbí mi, Yorùbá ni mo fi ń lálàá. Oṣù kejì 2021, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà wa. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù jó, ènìyàn kú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ṣe ìpàdé àlàáfíà, àwọn àgbà bọwọ́, ọjà ṣí padà. Èmi àti ìyá oníẹ̀pà tó wà níwájú mi, iná jó tèmi, iná jó tiwọn, a kò tíì sọ ọ́ síra wa rí. À ń kíra wa láràárọ̀. Bí ariwo bá ta lójijì, àwa méjèèjì la máa ń dìde ká máa wo ojú ara wa.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ọmọ Ṣáṣá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́. Bí ẹnu bá gbà yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá ìyá oníẹ̀pà sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ìpàdé o, ẹ jókòó tì wọ́n ni.

Ọmọ Ìgàǹgàn, ẹ má já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ìyá náà bá ṣì lè tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ pe àwọn méjèèjì wá lásìkò ìsinmi. Kí wọ́n má nà án nítorí ìtọ̀, kí wọ́n má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọdé máa ń fi eré àti àwòrán sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. UCH ní àwọn tó ń rí sí ọmọdé lọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè wọn ní tààràtà.

Akin Ọjà'ba

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Ìyá Ìbejì, bí àbúrò yín bá ń fẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà sí títì, mo mọ̀ ọ́n ní Ọjà'ba níbí, inú ọgbà ni, sìréènì kì í débẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Akin, Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ. Màá bá a sọ ọ́.

Ó ti gbà láti lọ. Ó ní kì í ṣe torí oorun o, torí apá ni òun ṣe ń lọ. Mo ní kò burú. Mama ní àwọn á bá wa lọ, pé àwọn á jókòó síta máa gbàdúrà. Kí ni kí n kó dání?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Apá náà tó láti bá lọ, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kó sáṣẹ́ẹ̀tì Lexotan náà dání bó ṣe wà kí wọ́n lè rí iye tó ń lò, àti ìwé ìwòsàn èyíkéyìí tó bá ní látẹ̀yìn wá. Ẹ tètè jáde, èrò káàdì ń pọ̀ ní kùtùkùtù. Bó bá wọlé tó ní kẹ́ ẹ dúró síta, ẹ dúró síta.

Lọ́yà Ìyágankú

Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé kankan nígbà béèlì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi ojúlówó sílé. Kí wọ́n sì ya fọ́tò àpá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ojú mọmọ, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.